Bí Ọlọ́pàá Bá Ṣẹ̀ Wá, Ta Ni A Óò Fẹjọ́ Sùn?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kò jìnnà sí ilé. Ó dá lórí ojú ọ̀nà tí púpọ̀ nínú wa ń tọ̀ lójoojúmọ́, láti àwọn fákítírì tí ó wà ní Ọba Akran àti Àgídíǹgbí, gba Ògbà kọjá sí Pen Cinema, títí wọ inú Agége. Ẹni tí ó bá ń parí iṣẹ́ ní agogo mẹ́wàá alẹ́ mọ ohun tí a ń wí. Iná tọ́ọ̀ṣì yóò kàn ṣàdédé tàn sí i lójú. “Dúró níbẹ̀! Kí ni o gbé sínú báàgì yẹn? Níbo ni o ti ń bọ̀?” Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ náà a parí síbẹ̀, ọlọ́pàá a ní kí onítọ̀hún máa lọ sílé ní àlàáfíà. Nígbà mìíràn kì í parí síbẹ̀.

Ọlọ́pàá kì í ṣe ọ̀tá wa. Ọlọ́pàá wà nínú àwọn tí a jọ ń tò sí sàáfù ní ọjọ́ Jímọ̀, bí olè bá sì wọ àdúgbò, àwọn náà ni a ń sáré tọ̀ lọ. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni èyí: bí ọlọ́pàá kan bá lu ènìyàn láìnídìí, tí ó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó tì í mọ́lé kọjá ìgbà tí òfin fọwọ́ sí, tàbí tí ó tilẹ̀ yìnbọn fún un, ǹjẹ́ ọ̀nà wà tí a fi lè fẹjọ́ sùn kí ẹjọ́ náà sì dé ibì kan? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń dáhùn pé kò sí. “Ta ni a óò lọ sọ fún? Ṣé kì í ṣe ọlọ́pàá náà ni?” A kò bá wọn gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ẹnu lásán tọ ọ̀nà náà kì í rìn jìnnà. Ẹni tí ó mú orúkọ, ọjọ́, wákàtí àti ẹlẹ́rìí dání ni ó ń rí i gbà.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍTÒSÍ WA

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012, ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan yọ owó ìrànwọ́ tí ó wà lórí epo bẹntiróòlù. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà, ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ náà gan-an, ní òpópónà Yaya Abatan ní Ògbà, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá Pen Cinema yìnbọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Adémọ́lá Dàrámọ́lá kú. Ọta ba àwọn mẹ́ta mìíràn.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe kọ́ńsítébù ni ẹni tí ẹ̀sùn yìí kàn. DPO ni, ẹni tí a máa ń gbé ẹjọ́ àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ lọ bá. Bí ọ̀ràn kan bá wà tí àwọn ènìyàn ìbá sọ nípa rẹ̀ pé “èyí ti wọlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gbàgbé,” irú èyí ni. Kò wọlẹ̀. Ojúmọmọ ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, àdúgbò mọ ẹni tí ó yìnbọn, wọ́n mọ ipò rẹ̀ àti àgọ́ rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ gíga. Ẹjọ́ náà fà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, ó sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 5. Àwọn kan sọ pé ọdún 5 kéré fún ẹ̀mí ènìyàn kan. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀: pé wọ́n ní kò sí ibi tí a lè fẹjọ́ DPO sùn.

Ọdún 7 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2019, Kọ́ládé Johnson wà níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù Liverpool àti Tottenham ní Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ládùúgbò Máńgòrò. Àwọn ọlọ́pàá tí ń gbógun ti ẹgbẹ́ òkùnkùn wá síbẹ̀ láti mú ẹnì kan. Ìbọn dún, ọta ba Kọ́ládé, ó sì kú. Nínú oṣù kẹrin ọdún náà, ọlọ́pàá ti gbọ́ ẹjọ́ ínísípẹ́kítọ̀ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lábẹ́lé, wọ́n sì ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kí ló mú kí ọ̀ràn yìí yá ju ti àwọn mìíràn lọ? Ibi ìwòran kún fún ènìyàn, ojú tí ó rí i pọ̀, àwọn tí ó sì rí i kò sá wọlé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn èyí ni ọdún 2020 dé. Ẹ̀ka SARS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, tí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìkẹjà di ibi tí àwọn òbí ń fi ẹ̀rù dárúkọ, ni wọ́n tú ká ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ ti ṣe ìwọ́de. Ìjọba Èkó gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kan kalẹ̀ ní oṣù kan náà, Adájọ́ Doris Okuwobi tí ó ti fẹ̀yìntì sì ni alága rẹ̀. Ẹ̀sùn 235 ni ó wọlé. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà fi parí iṣẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, wọ́n ti ní kí a san owó tí ó ju 400 mílíọ̀nù náírà lọ fún nǹkan bí 70 ènìyàn. Ẹ fi 70 wé 235. Gbogbo ẹni tí inú ń bí kọ́ ni ó rí ohunkóhun gbà. Níwájú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó mú ìwé ilé ìwòsàn wá ti yàtọ̀ sí ẹni tí ó kàn ń fi àpá hàn, nítorí àpá kì í sọ ọjọ́ tí a dá a síni lára, kì í sì í dárúkọ ẹni tí ó dá a.

KÍ NI ÒFIN SỌ?

A kò lè fi ẹni tí kò rú òfin sùn. Nítorí náà ó yẹ kí a mọ ibi tí ààlà wà. Abala 35 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tí ó gbọ́. Bí Yorùbá nìkan ni ó gbọ́, Yorùbá ni kí wọ́n fi sọ fún un. Ó lè dákẹ́, kí ó má dáhùn ìbéèrè kankan, títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tí òun fúnra rẹ̀ yàn sọ̀rọ̀. Bí ilé ẹjọ́ tí ó tó gbọ́ ọ̀ràn náà bá sì wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni òfin fún ọlọ́pàá láti gbé e débẹ̀, àyàfi bí ọ̀ràn náà bá jẹ́ èyí tí ìdájọ́ rẹ̀ jẹ́ ikú. Ilé ẹjọ́ wà ní Ìkẹjà, ó wà ní Ògbà. Àgọ́ wo ní agbègbè wa ni ó jìnnà sí ilé ẹjọ́ tó kìlómítà 40? Nítorí náà, bí wọ́n bá mú ènìyàn ní ọjọ́ Ẹtì tí ó sì wà ní àtìmọ́lé títí di Ọjọ́bọ̀ nítorí ìjà lásán, ohun tí a lè fi sùn ti wà nílẹ̀ ná. Abala yìí kan náà ni ó sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú láìbófinmu ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba.

Òfin ọlọ́pàá tí wọ́n ṣe ní 2020 tún fi kún un. Wọn kò gbọ́dọ̀ mú ìyá nítorí ọmọ, tàbí àbúrò nítorí ẹ̀gbọ́n. Wọn kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn òwò tí ó bàjẹ́ lásán, nítorí ọlọ́pàá kì í ṣe agbowó fún onílé tàbí fún ẹni tí ó yáni lówó. Ní ti ìrìn òru, àwọn bàbá wa mọ ọ̀rọ̀ tí ń jẹ́ “wándàrìn” dáadáa, èyí tí wọ́n fi ń kó òṣìṣẹ́ sínú ọkọ̀ bí ẹni kó ewúrẹ́. Ìjọba ti pa òfin yẹn rẹ́ láti 1989. Ẹni tí ó ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ kò ṣẹ̀ nítorí pé ó wà lójú títì. Káàdì ibi iṣẹ́ yín ṣe pàtàkì, ẹ máa mú un dání, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó sọ yín di aláìṣẹ̀.

Ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ gbọ́ èyí: obìnrin ni ó gbọ́dọ̀ yẹ ara obìnrin wò. Bí ọlọ́pàá ọkùnrin bá ní òun fẹ́ tú ìbòrí yín tàbí kí òun fọwọ́ kàn yín lára, ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ pé kí wọ́n pe obìnrin. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 sì sọ pé kò sí ẹni tí a lè kọ̀ láti jẹ́ onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Ìyá lè dúró fún ọmọ.

Ní ti béèlì, wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri àgọ́ fúnra wọn pé ọ̀fẹ́ ni. A mọ̀ pé àwọn kan ń kà á, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Owó tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ yín lábẹ́ ògiri náà jẹ́ ohun tí ó ṣeé fi sùn, bí ẹ bá lè sọ iye rẹ̀, wákàtí tí ẹ san án, ẹni tí ẹ fi lé lọ́wọ́ àti ẹni tí ó wà níbẹ̀. Bí ó bá gba báńkì kọjá, ìwé báńkì yóò sọ gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀.

BÍ A ṢE Ń KỌ PẸTÍSỌ̀N

Ní ojú ibi tí ọ̀ràn ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ má jà, ẹ má sì sá. Ẹ wo àyà aṣọ wọn bí orúkọ bá wà níbẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀. Bí wọn kò bá wọ aṣọ iṣẹ́, ẹ kíyè sí ojú, gíga, àwọ̀ aṣọ, àti orúkọ tí wọ́n fi ń pe ara wọn. A kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó na fóònù sí ojú ẹni tí inú ń bí tí ìbọn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní òdìkejì títì lè ṣe é. Ẹ̀yin tí wọ́n dì mú, ẹ fi sọ́kàn. Bí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, kí ẹ tó jẹun, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí oorun bá ti kọjá lórí rẹ̀, agogo mẹ́wàá àbọ̀ yóò di “bí alẹ́ ṣe ń lẹ́,” ọlọ́pàá mẹ́ta yóò di “wọ́n pọ̀.”

Bí ara bá farapa, ilé ìwòsàn ìjọba ni kí ẹ lọ ní ọjọ́ náà, kì í ṣe ilé oníkẹ́mísì nìkan. Ilé ìwòsàn Orílé-Agége wà, ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ ní Ìkẹjà wà. Ẹ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an fún dókítà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé àwọn ṣubú nítorí ìtìjú. Ohun tí dókítà bá kọ nìyẹn, ìwé náà yóò sì padà wá jẹ́rìí takò wọ́n.

Ẹ wo lẹ́tà méjì tí a kọ fún àpẹẹrẹ. Èkíní sọ pé: “Àwọn ọlọ́pàá burúkú yìí lù mí bí ẹni máa kú, wọ́n sì kó gbogbo owó mi lọ. Ìwà ìkà ni. Ẹ bá mi dá sí i, Ọlọ́run yóò dá sí tiyín.” Èkejì sọ pé: “Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 14 oṣù yìí, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú alẹ́, mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní òpópónà Ọba Akran. Ọlọ́pàá mẹ́ta dá mi dúró. Nọ́ńbà ọkọ̀ wọn nìyí. Ọ̀kan nínú wọn fi ìdí ìbọn gbá mi ní èjìká òsì lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gba 18,000 náírà lọ́wọ́ mi. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, ó sì gbà láti jẹ́rìí. Ìwé ilé ìwòsàn wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo ń béèrè pé kí ẹ ṣe ìwádìí, kí wọ́n dá owó mi padà, kí ẹ sì bá ẹni tí ó gbá mi wí bí òfin yín ṣe là á sílẹ̀.” Ẹni tí ó kọ èkíní ń sunkún, ẹkún rẹ̀ sì lè jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó bá kà á kò ní ohun tí yóò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó ka èkejì ti ní ọkọ̀ tí yóò wá nínú ìwé àwọn tí ó jáde iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ má fi kún un. Bí ó bá jẹ́ 18,000 ni wọ́n gbà, ẹ má kọ 80,000 nítorí pé ẹ fẹ́ kí ọ̀ràn náà wúwo. Irọ́ kan péré, tí àṣírí rẹ̀ bá tú, yóò mú òtítọ́ mẹ́sàn-án dání lọ. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí a fi sùn náà ní ẹ̀tọ́ lọ́dọ̀ wa, bí ó ti wù kí ó burú tó: kí a má sọ ohun tí kò ṣe mọ́ ọn. Ẹ̀rí tí a ń jẹ́ ni, a óò sì dáhùn fún un.

IBI TÍ A Ń GBÉ E LỌ

Ní ìpínlẹ̀ Èkó, Kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá ni a ń kọ pẹtísọ̀n sí, ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà ní òpópónà Odùduwà, GRA Ìkẹjà. Kì í ṣe dandan kí ẹ kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ DPO àgọ́ tí ó ṣẹ̀ yín kọjá. Láti 2015 ni ọlọ́pàá ti dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún gbígba ẹ̀sùn ará ìlú lórí fóònù, òfin 2020 sì fi ìdí irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ múlẹ̀. Ìyẹn dára fún ọ̀ràn tí ó ń jó lọ́wọ́, bí ìgbà tí wọ́n ti ènìyàn mọ́lé ní wákàtí yẹn gan-an. Kò gbọ́dọ̀ dípò lẹ́tà.

Ibi tí púpọ̀ ti ń kùnà ni pé ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi lẹ́tà sí. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Police Service Commission ní Àbújá, nítorí òun ni òfin orílẹ̀-èdè fún ní agbára láti gba ọlọ́pàá síṣẹ́, láti bá wọn wí àti láti lé wọn, yàtọ̀ sí ọ̀gá àgbà pátápátá. Kì í sì í ṣe abẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá ni ó wà. Ẹ fi ọ̀kan sí National Human Rights Commission, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995. Ẹ kọ orúkọ gbogbo àwọn tí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà, kí olúkúlùkù mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ó ń kà á. Ọ́fíìsì kan lè fi lẹ́tà sábẹ́ àga. Ọ́fíìsì mẹ́ta kò rọrùn. Bí ẹ bá sì mú un lọ fúnra yín, ẹ mú ẹ̀dà tiyín dání, kí akọ̀wé lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí i. Ẹni tí kò ní ẹ̀dà olóǹtẹ̀, bí wọ́n bá ní àwọn kò rí lẹ́tà rẹ̀, kí ni yóò fi hàn?

Kí wá ni bí oṣù bá kọjá tí kò sí èsì? Ilé ẹjọ́ gíga wà. Abala 46 òfin 1999 fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú láti lọ síbẹ̀, ìlànà tí wọ́n ṣe ní 2009 sì sọ pé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ pe ẹjọ́ ìtanràn lásán lòdì sí òṣìṣẹ́ ìjọba, oṣù mẹ́ta ni òfin fúnni. Ẹ má jẹ́ kí ó kọjá kí ẹ tó bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò lówó lè lọ sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ará ìlú tí ìjọba Èkó ń pè ní OPD, tàbí Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀. Nítorí àwọn tí kò lówó ni wọ́n ṣe dá wọn sílẹ̀.

ÌBẸ̀RÙ ÀTI Ẹ̀BẸ̀

A kò ní sọ pé kí ẹ má bẹ̀rù. Ẹni tí ó fi ọlọ́pàá àdúgbò rẹ̀ sùn yóò ṣì máa gba ojú ọ̀nà kan náà lọ síbi iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ má dá nìkan lọ. Ẹ jẹ́ kí òbí, ọ̀gá ibi iṣẹ́, tàbí àwọn àgbà mọ́sáláṣí mọ̀ kí lẹ́tà tó wọlé. Bí wọ́n bá pè yín fún ìwádìí, ẹ mú agbẹjọ́rò tàbí àgbàlagbà kan dání. Bí ẹnikẹ́ni bá sì halẹ̀ mọ́ yín lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà kejì ní ọjọ́ kejì, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí èkíní lọ.

Ẹ̀bẹ̀ ni ó máa ń ṣòro ju ìhalẹ̀ lọ. Àwọn àgbà yóò wá sílé. Wọn yóò ní ọlọ́pàá náà ní ìyàwó àti ọmọ, pé Musulumi ni, pé kí ẹ yọ̀ǹda. Ìdáríjì dára, kò sì sẹ́ni tí ó lè dí yín lọ́wọ́ láti dárí ji ẹni tí ó gbá yín létí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú àgọ́ ni a ti ń dárí jini, pẹ̀lú bírò tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́ àti ìwé tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ dè wá. Ẹ gbé ìwé náà lọ sílé, ẹ kà á. Bí ó bá ní kò sẹ́ni tí ó lù yín, ìyẹn kì í ṣe ìdáríjì, irọ́ ni, ẹni tí ó tún bá bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá yẹn lọ́la ni yóò sì jìyà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn kú, ọ̀ràn náà ti kúrò lọ́wọ́ ẹbí. Ìjọba ni ó ń pe ẹjọ́ ìpànìyàn, láti ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ní Aláúsá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe nígbà tí ti Ògbà ṣẹlẹ̀, ìwé tí bàbá olóògbé bá fi ọwọ́ sí kò sì lè mú ẹjọ́ náà kúrò níwájú adájọ́.